Kíka Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò Lórí Rédíò Kì í Ṣe Pínpín Dátà

Èrò kan wọ́pọ̀ ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè, ní Massè, àti káàkiri ẹkùn Plateau títí dé Kétu àti Ṣàkẹ́tẹ́: pé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti di ti gbogbo ènìyàn. Rédíò ń kà á. Tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán rẹ̀ hàn. Fóònù ọmọ ilé-ìwé ń gbé òjò àti oòrùn jáde láàárọ̀. Bí ẹnìkan bá wá dìde tó ní kí wọ́n ṣí dátà àsọtẹ́lẹ̀ náà gan-an sílẹ̀ fún ará ìlú àti fún olùwádìí, wọn á bi í pé kí ló tún kù tí wọn kò tíì fún wa.

Èrò yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí a tó já a. Òótọ́ ni pé ìròyìn ojú ọjọ́ ń dé oko lónìí ju bó ṣe ń dé e láyé àwọn bàbá wa lọ. Òótọ́ ni pé àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ ọ ní èdè rẹ̀, kó sì fi pinnu bóyá kí òun sá ẹ̀gẹ́ lọ́la tàbí kí òun dá a dúró. Òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí rédíò ń sọ ló wúlò. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni ibi tí wọ́n ti ní nígbà tí a ti gbọ́ ìròyìn, a ti gba dátà. A kò tíì gbà á. Ìdájọ́ ló dé etí wa. Ẹ̀rí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó dá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀, nítorí àìbìkítà níbí ló ń bí gbogbo àṣìṣe tó kù. Kò sí ẹni tó ń wo sánmà lásán tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún sí i. Kọ̀ǹpútà ńlá ló ń pín afẹ́fẹ́ gbogbo ayé sí àpótí-àpótí. Ó ń gba ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀, lójú òkun, nínú bàlúù àti láti ara sátẹ́láìtì, ó sì ń fi òfin físíìsì ṣírò bí afẹ́fẹ́, ooru àti omi yóò ṣe máa yí padà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan láti wákàtí dé wákàtí. ECMWF, ilé-iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1975, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà 51 ló ń gbà ṣe é pa pọ̀, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí gan-an ní ìṣẹ́jú tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ká ní 30 nínú 51 rí òjò ní agbègbè Pobè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, tí 21 kò sì rí i: ohun tí dátà sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Nínú àwọn 30 yẹn, ọ̀kan lè rí mìlímítà 2, kí òmíràn rí mìlímítà 45.

Kí ló kù nínú gbogbo èyí nígbà tó bá fi máa dé orí rédíò? Òjò lè rọ̀ ní gúúsù. Mo gbà pé ìṣẹ́jú kan nínú ètò rédíò kò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbà pé ẹni tó ń kà á kò ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Ibi tí òjò náà yóò rọ̀ ti jábọ́, nítorí gúúsù bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun Kútọnu, ó sì kọjá Adja-Ouèrè. Wákàtí rẹ̀ ti jábọ́. Iye omi rẹ̀ ti jábọ́. Èyí tó burú jù ni pé a kò mọ bí ìdánilójú náà ti tó: 30 nínú 51 àti 49 nínú 51 lè bọ́ sínú gbólóhùn kan náà, kí olùgbọ́ má mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín wọn.

Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyí. Rárá o. Ní gúúsù Benin, ìgbà òjò méjì ló wà lọ́dún. Òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé oṣù keje; yóò dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ; àrọ̀kúrò yóò sì gbà á láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo sí àkọ́rọ̀ ń fi irúgbìn rẹ̀ wewu. Òjò àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ ìjì kan ṣoṣo tó da omi fún wákàtí kan, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá tẹ̀lé e, èyí tó ti hù yóò rọ, yóò gbẹ, àgbẹ̀ yóò sì tún wá owó irúgbìn mìíràn. Bó bá wá fi ìbẹ̀rù sún ìgbìn síwájú jù, àgbàdo rẹ̀ yóò máa yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ń lọ, ìgbà tó nílò omi jù lọ.

Ìbéèrè ọkùnrin tàbí obìnrin yìí kì í ṣe bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́la. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé: lẹ́yìn òjò òní, ṣé ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn ló ń bọ̀, àti pé báwo ni ìyẹn ṣe ṣeé ṣe tó? Gbólóhùn rédíò kò ní ìdáhùn kankan sí i, kì í sì í ṣe ẹ̀bi gbólóhùn náà. Wọn kò dá a fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò 51 yẹn ní ìdáhùn sí i, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ọjọ́ 15 níwájú. Kí a kàn ka iye èyí tó fi ọjọ́ mẹ́wàá gbẹ láìsí òjò. Fún ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ amọ̀ dúdú apá Ọ̀họ̀rí, ìbéèrè tún yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ yẹn máa ń là nígbà ẹ̀rùn, ó sì máa ń mu omi títí yóò fi di ẹrẹ̀ tí mọ́tò kò lè gbà. Iye mìlímítà tí yóò bọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ló ń wá, kó lè mọ ọjọ́ tí òun yóò kó irè dé ọjà Ikpinlè kí ọ̀nà tó bàjẹ́. Dátà kan náà lè dáhùn àwọn méjèèjì. Ìròyìn tí wọ́n ti ṣe tán kò lè dá ìkankan nínú wọn lóhùn.

Ìdí kejì wúwo ju èyí lọ, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò jù. Wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ náà ń tọ̀nà. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé kì í ṣẹ rárá. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé dáadáa, wọ́n á sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú tí kò ní ìpìlẹ̀ kankan. Kí ni wọ́n fi mọ̀? Ta ló kọ àsọtẹ́lẹ̀ àná sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n ṣe é? Ta ló wọn òjò tó rọ̀? Níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀ méjèèjì, ohun tí ojú rántí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí. Ojú a sì máa rántí ọjọ́ tí òjò pa ẹni láìròtẹ́lẹ̀ ju ogún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe wí.

Ìtàn kan wà nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí àsọtẹ́lẹ̀ mọ̀. Ní 1884, John Park Finley, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìjì ààjà tí wọ́n ń pè ní tornado, gbé e jáde pé àsọtẹ́lẹ̀ òun tọ̀nà ní ìdá 96.6 nínú 100. Kò purọ́. Nínú àsọtẹ́lẹ̀ 2,803, 2,708 ló bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn mìíràn sì tún wọn ṣírò. Wọ́n rí i pé ìjì náà ṣọ̀wọ́n débi pé ẹni tó bá jókòó sílé, tó ń sọ nígbà gbogbo pé kò ní sí ìjì, yóò tọ̀nà ní ìdá 98.2, yóò sì fi bẹ́ẹ̀ borí Finley láìmọ nǹkan kan. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé nínú ìgbà 100 tó kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀, 28 péré ni ìjì náà dé. Síbẹ̀ 28 yẹn ní iye lórí, nítorí ẹni tó jókòó sílé kò ní rí ẹyọ kan. Láti inú àríyànjiyàn yẹn ni àwọn ọ̀nà tó dára jù fún dídán àsọtẹ́lẹ̀ wò ti jáde, wọ́n sì ń lò wọ́n títí dòní. Gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe nítorí pé tábìlì náà dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí Finley bá ti sọ ìdá 96.6 nìkan, tó sì pa ìyókù mọ́, ayé ìbá ti gbà á gbọ́, tàbí kí ayé kọ̀ ọ́, láìsí ìdí tó ṣe gúnmọ́ fún ìkankan.

Ẹ gbé e wá sílé. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, ẹni tó bá ń sọ lójoojúmọ́ pé òjò kò ní rọ̀ ní Adja-Ouèrè yóò tọ̀nà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kó ọjọ́ wọ̀nyí mọ́ ti oṣù kẹrin, tó sì ní òun tọ̀nà ní ìdá 90, kí la fẹ́ fi dá a lóhùn? Ẹni tó ní dátà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ nìkan ló lè ya oṣù kẹrin sọ́tọ̀, kó wò ó.

Wọ́n á wá ní fóònù ti yanjú ìyẹn, pé orúkọ Adja-Ouèrè wà níbẹ̀, ìwọ̀n ooru àti ìdá òjò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ náà wà níbẹ̀. Àṣìṣe ni láti rò pé ẹnìkan wọn nǹkan kan ní Adja-Ouèrè kí nọ́ńbà náà tó jáde. Ibùdó ńlá mẹ́fà tí Benin fi ń wọn ojú ọjọ́ tọ̀sán-tòru láti ìgbà pípẹ́ wà ní Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ̀ẹ́, Parakou, Natitingou àti Kandi. Èyí tó sún mọ́ Adja-Ouèrè jù nínú wọn, Bohicon, jìnnà sí i ju kìlómítà 50 lọ. Nọ́ńbà inú fóònù jẹ́ èso ìṣirò àpótí. Nínú GFS, àsọtẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ètò orí fóònù ń lò, dátà tí wọ́n ń pín ń fi ìdá mẹ́rin digírì kan ṣe àlàfo láti ojú kan sí èkejì, ìyẹn bíi kìlómítà 28. Àpótí kan bẹ́ẹ̀ lè gbé Adja-Ouèrè àti Pobè mì pẹ̀lú gbogbo oko tó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ilẹ̀ wa lè rọ̀ gidigidi sí oko kan kí eruku ṣì máa sọ ní oko kejì. Fóònù kò sọ èyí fún ẹni tó ni ín. Kò sì tọ́jú àsọtẹ́lẹ̀ àná. Tuntun ló ń kọ lé e lórí, èyí tó kùnà sì pòórá kí ẹnikẹ́ni tó kà á mọ́ ọn lọ́rùn.

Ohun tí dátà tí wọ́n tọ́jú lè fi hàn wá, ẹ jẹ́ ká wò ó nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí ilẹ̀ tiwa. Láti 2006 ni àkójọ kan ti wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TIGGE, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ńlá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fi ìṣirò wọn pa mọ́ fún olùwádìí. Ní 2018, Peter Vogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Karlsruhe ní Jámánì jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, lo àkójọ yìí láti dán àsọtẹ́lẹ̀ òjò wò ní apá àríwá ilẹ̀ Áfíríkà olóoru, tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Àbájáde wọn korò. Ìṣirò àgbáyé, bó ṣe ti ẹ̀rọ jáde láìtún un ṣe, kò sàn ju kí a kàn lo àkọsílẹ̀ òjò àtẹ̀yìnwá fún ọjọ́ kan náà lọ. Ní ibi púpọ̀ ni ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ó ń fi ìdánilójú tí kò ní hàn. Àtúnṣe pẹ̀lú ọgbọ́n ìṣirò mú un sàn díẹ̀.

Àwọn kan yóò fi èyí gbá mi lẹ́nu. Wọ́n á ní bí dátà náà bá kùnà tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ṣe kedere. A mọ̀ pé ó kùnà, a mọ ibi tó ti kùnà, a sì mọ bí ìkùnà náà ti tó, nítorí pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ nìkan. Àṣìṣe tó wà nínú gbólóhùn rédíò lè má kéré sí èyí rárá. Kò kàn sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n. Ẹni tó fẹ́ ṣe àtúnṣe fún ẹkùn Plateau gbọ́dọ̀ ní àsọtẹ́lẹ̀ àtẹ̀yìnwá àti ìwọ̀n òjò àtẹ̀yìnwá fún ẹkùn Plateau, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu lè ṣe é. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tó wà ní Dangbo lè ṣe é. Wọn kò lè fi ìròyìn ẹnu ṣe é.

Ẹ̀rù kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún: pé bí dátà bá tú síta, oníkálukú yóò máa kìlọ̀ bó ṣe wù ú, ìlú yóò sì dàrú. Ó tọ́ kí ìkìlọ̀ ìjì àti àgbàrá ti ẹnu kan jáde, ní Benin ẹnu ìjọba tó ní iṣẹ́ náà ni, Météo-Bénin, kí ẹlòmíràn má sì gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n òfin lórí ẹni tó ń kìlọ̀ jẹ́ ohun kan, dátà tí a fi ń ṣe ìwádìí jẹ́ òmíràn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní láti ti dátà pa kó tó lè pa ẹnu ìkìlọ̀ mọ́ sí ọ̀kan. Amẹ́ríkà ń fún gbogbo ayé ní GFS lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba wọn ló ṣì ń kìlọ̀. Ẹ tún wo ìyókù ẹ̀rù náà: bí a kò bá fún àwọn ènìyàn ní ojúlówó, wọn kò ní jókòó láìní nǹkan kan. Àwòrán tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé dátà wúwo jù, pé íntánẹ́ẹ̀tì wa kò gbà á, mo fẹ́ já a kíákíá. Fáìlì gbogbo ayé wúwo lóòótọ́. Adja-Ouèrè kò nílò gbogbo ayé. Bí a bá mú ojú kan ṣoṣo lórí àwòrán ilẹ̀, tí a mú òjò nìkan, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, fún ọjọ́ 15, nínú gbogbo ìṣirò 51, nọ́ńbà 3,060 ni yóò jẹ́. Kò tó fọ́tò kan tí ènìyàn yà lórí fóònù. Ohun tó nílò ni pé kí ẹnìkan gé e, kó sì fi sí ibi tí kọ̀ǹpútà kékeré lè ti mú un. Níbí ni mo ti máa ń bínú sí àìbìkítà kan tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì púpọ̀: wọ́n á ya tábìlì ní fọ́tò, wọ́n á fi í sínú ìwé PDF, wọ́n á ní àwọn ti pín dátà. Olùwádìí yóò fi ọwọ́ tún un tẹ̀, ìlà méjì yóò fò, àmì kan yóò ṣì, gbogbo iṣẹ́ tó tẹ̀lé e yóò sì gbé àṣìṣe yẹn káàkiri.

Ọ̀rọ̀ owó le ju ti ìwúwo fáìlì lọ. Ibùdó ìwọ̀n ń bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù, àwọn kan sì lérò pé títa dátà ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ ró. Mo gbà pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán Landsat, tí Amẹ́ríkà ń yà láti ojú sánmà. Nígbà tí wọ́n ń ta á, àwòrán Landsat 7 kan ń lọ ní dọ́là 600, àwọn tó rà á kò sì tó nǹkan. Ní 2008 wọ́n mú owó kúrò. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àwòrán tí ayé ń gbà lọ́dún kọjá mílíọ̀nù kan. Owó tí wọ́n fi gbé sátẹ́láìtì náà sókè kò yí padà. Àǹfààní rẹ̀ ló yí padà. Jámánì ṣí dátà ojú ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ní 2017. ECMWF, tó ti ta dátà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kìíní 2022, ó sì ṣí gbogbo àkójọ àsọtẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2025. Owó tó kù ni ti iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí òun ní kíkún. Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ti fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ dátà pàtàkì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1995. Ní oṣù kẹwàá 2021 ó tún òfin náà ṣe, ó sì fẹ̀ ẹ́.

Ibí yìí ni àṣìṣe kejì ti máa ń yọjú, àwọn tó ti gba gbogbo ohun tí mo ti sọ ni ó sì máa ń mú. Wọ́n á ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó ti ṣí tiwọn sílẹ̀, ó ti parí. Benin kò ní ohun tó tún fẹ́ ṣí. Ó jọ òótọ́, kì í ṣe òótọ́. Ìṣirò àgbáyé ń jẹ ìwọ̀n tí wọ́n bá fún un, ìwọ̀n láti ilẹ̀ wa sì kéré. Ìlànà tí WMO gbé kalẹ̀ fún ibùdó orí ilẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa pín ni ibùdó kan ní kìlómítà 200 síra wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún Benin, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 114,763 níbùú lóòró: bíi ibùdó mẹ́ta ló kàn án. Ìlànà yẹn tó fún kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó dá a láti fi mọ òjò Massè yàtọ̀ sí ti Pobè. Ìyẹn yóò ti ọwọ́ àwa fúnra wa wá, láti inú àkọsílẹ̀ irú èyí tí ibùdó bíi ti ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, tó ti wà láti 1922, lè ní, àti láti inú ohun èlò ìwọn òjò kékeré tó wà ní ìgbèríko.

Ìjì òjò wa kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn ìjì ńlá ìbẹ̀rẹ̀ òjò ń ti ìlà-oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, èyí tó túmọ̀ sí pé èyí tó ń bọ̀ wá sí Adja-Ouèrè lè ti kọ́kọ́ kọjá lórí Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò ní Nàìjíríà. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní ìhà ọ̀hún ní wákàtí kan sẹ́yìn ni ìkìlọ̀ tó dára jù fún ìhà ìhín, bí ó bá tètè kọjá ibodè. Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje 2016, iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA ti fi hàn pé pípín dátà kọjá ibodè ṣeé ṣe. Ibùdó ńlá mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń wọn ìkùukùu ìsàlẹ̀ tó máa ń bo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́lẹ̀ lóru àti láàárọ̀ ìgbà òjò, èyí tí ìṣirò àgbáyé kì í mú dáadáa, tí ó sì ń jẹ́ kí ó máa ṣi ìwọ̀n oòrùn tó ń dé ilẹ̀ ṣírò. Wọ́n kó dátà náà sí ibi kan náà, wọ́n sì ṣí i fún àwọn olùwádìí mìíràn. Ìlú Yorùbá méjì, tí ibodè pín níyà, wà nínú àkójọ kan. Oṣù méjì péré ni, ẹ̀ka kan péré ni. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun kékeré.

Ẹni tó bá ní òun ń pín dátà àsọtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn: nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè kà láìsí àtẹ̀tún-tẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ṣe ìṣirò, ibi gan-an tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà fún, gbogbo ọ̀nà tí ìṣirò gbà, kì í ṣe èyí tó wu ẹni tó ń kà á, ìwé àṣẹ tó sọ ohun tí ènìyàn lè fi í ṣe, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, àsọtẹ́lẹ̀ àtẹ̀yìnwá tí wọn kò pa rẹ́, pẹ̀lú èyí tó kùnà. Nígbà tí ìkan bá sọnù nínú wọn, kí a sọ pé ìkan ti sọnù. Kí a má fi ìròyìn rédíò dí àlàfo rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè dán an wò láìbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ilé-ìwé kan ní Ikpinlè gbé ohun èlò ìwọn òjò kalẹ̀ ní gbangba, jìnnà sí igi àti sí òrùlé, kí wọ́n máa ka omi rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ láti oṣù kẹta dé oṣù keje, kí wọ́n sì kọ òdo sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí omi nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ kan máa mú àsọtẹ́lẹ̀ ECMWF tó ti wà ní ọ̀fẹ́ fún ojú ilẹ̀ náà, kó máa tọ́jú ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tirẹ̀, kó má sì fi ti òní pa ti àná rẹ́. Kí ẹnìkejì máa gbọ́ rédíò nìkan, kó máa kọ ohun tó bá gbọ́. Nígbà tí oṣù keje bá parí, kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n sọ iye ìgbà tí wọ́n kìlọ̀ tí òjò rọ̀, iye ìgbà tí wọ́n kìlọ̀ tí kò rọ̀, àti iye ìgbà tó rọ̀ láìsí ìkìlọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní tábìlì tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣírò. Ẹnìkejì yóò ní láti kọ́kọ́ pinnu, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá "gúúsù" tí wọ́n wí lọ́jọ́ náà kan Ikpinlè.